Ọjọ́rú Tí Alárenà Yadi

Bí ẹ bá dárúkọ ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ní Ìfọ́n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò sí ẹni tí yóò bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́bọ̀ ni. Olúfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ń ti ìpàdé àwọn ọba ní Àkúrẹ́ bọ̀ nígbà tí àwọn agbébọn dá a lọ́nà ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, tí wọ́n sì gbẹ̀mí kábíyèsí. Ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí mo lè sọ níbí lọ, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ń bá bọ̀: Ọjọ́rú, ọjọ́ 25. Ọjọ́ yẹn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní tiwa. Àmọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́jú kọ̀ǹpútà kò gbàgbé rẹ̀, nítorí ọjọ́ náà ni ọ̀kan nínú àwọn alárenà ńlá inú íntánẹ́ẹ̀tì yadi láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ní alárenà. Láyé àtijọ́, ọmọkùnrin tí ojú rẹ̀ bá wà lára ọmọbìnrin kan kò ní lọ dúró síwájú bàbá rẹ̀ kó máa ro ẹjọ́ ìfẹ́. Alárenà ló máa wá. Alárenà á gbọ́ ti ibí, á gbé e lọ sí ọ̀hún. Bí wọn kò bá sí nílé, á fi ọ̀rọ̀ náà sínú títí wọn á fi dé. Iṣẹ́ tí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní message broker ń ṣe nìyẹn. Fóònù tí a fi ra káàdì ìpè, ilé ìfowópamọ́ tó máa yọ owó, àti ilé-iṣẹ́ tó máa fi káàdì ránṣẹ́, wọn kì í sábà dúró de ara wọn lójúkojú. Alárenà ló ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èyí, tó ń tò ó sórí ìlà, tó ń fà á lé tọ̀hún lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ tọ̀hún bá dilẹ̀. Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀. Bí ojú bá ti mọ ojú, alárenà á yẹ̀bá. Ti kọ̀ǹpútà kì í yẹ̀bá rárá. Bó bá fi lè yẹ̀bá ní ìṣẹ́jú kan, kò sí ẹni tó tún mọ ẹni.

Alárenà tí mò ń sọ ń jẹ́ Kinesis. Amazon ló ni ín. Láti ọdún 2013 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ibùdó rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wa kàn sì wà ní àríwá ìpínlẹ̀ Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ń pè ní us-east-1. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Amazon kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ láìfi bò, wákàtí lé wákàtí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Aago Seattle ni wọ́n lò. Mo ti fi wákàtí mẹ́sàn-án kún un, kó lè bá aago tó wà lára ògiri ní Ìfọ́n mu.

11:44 àárọ̀

Ní Seattle, òru ṣì ni, aago 2:44. Ní Ìfọ́n, oòrùn ti ń lọ sí àtàrí. Àsìkò yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáfà díẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, kún agbo sáfà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà Kinesis. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Amazon fúnra wọn ní ohun tí àwọn fi kún un kéré.

Ilé Kinesis pín sí méjì. Àwọn kan wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan wà nínú yàrá. Ti ẹnu ọ̀nà ló ń wo ojú ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ wá, tó ń rí i pé kò gbé ju agbára rẹ̀ lọ, tó sì ń júwe yàrá tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀. Ti inú yàrá ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Yàrá pọ̀ púpọ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹrù láàárín ara wọn, nítorí náà ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní máàpù kan lọ́wọ́ tó ń sọ yàrá tí nǹkan wà. Ẹ fi máàpù yìí sọ́kàn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀? Ohun tó ń mú kí ẹnikẹ́ni ní ju sáfà kan lọ náà ni. Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kókó kan ní Ìfọ́n fẹ́ gbé alárenà tiwọn kalẹ̀, kí iye kókó tí a wọ̀n ní abúlé máa dé ìwé akápò láìsọnù. RabbitMQ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ nawọ́ sí: ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2007, èdè Erlang tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílé-iṣẹ́ Ericsson ní 1986 fún ẹ̀rọ tẹlifóònù ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí wọ́n bá gbé e sórí sáfà kan, ọjọ́ tí sáfà náà bá kú, ọ̀rọ̀ pin. Bí wọ́n bá gbé e sórí méjì, ọ̀ràn mìíràn ni wọ́n rà. Ọjọ́ tí wáyà tó so méjèèjì pọ̀ bá já, èyí á rò pé tọ̀hún ti kú, tọ̀hún á rò pé èyí ló kú, oníkálukú á máa dá gba ọ̀rọ̀, á máa dá kọ ìwé. Ẹni tó bá ti gbé ìlú tí ọmọ oyè méjì ti dé adé lọ́jọ́ kan náà mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Kì í ṣe àìsí ọba ló ń dàrú irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mẹ́ta fi dára. Nínú mẹ́ta, méjì ni ọ̀pọ̀. Ohun tí méjì bá ti kọ sílẹ̀ ti di òfin. Ẹni tó bá dá wà lápá kan tó rí i pé òun nìkan ni, á jókòó jẹ́ẹ́ títí wáyà á fi so padà. Diego Ongaro àti John Ousterhout ní Yunifásítì Stanford ni wọ́n to ìlànà ìbò yìí jáde ní 2014, wọ́n pè é ní Raft, òun sì ni ìlà tí RabbitMQ ń pè ní quorum queue ń tẹ̀ lé. Sáfà márùn-ún náà dára: méjì lè kú kí iṣẹ́ má dúró. Mẹ́rin kò lérè kankan ju mẹ́ta lọ, nítorí nínú mẹ́rin, mẹ́ta ló máa pé kí ọ̀rọ̀ tó fìdí múlẹ̀, ẹyọ kan náà sì ni ikú lè mú.

Ta ló wá ní kí ẹni tó ní mẹ́ta má sọ ọ́ di ọgbọ̀n? Ibẹ̀ ni Ọjọ́rú yìí ń gbé wa lọ.

12:47 ọ̀sán

Wọ́n ti fi sáfà tuntun kún un tán. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ẹni tó ń wo ojú ẹ̀rọ kò rí iná pupa kankan.

Àmọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ń mọ ara wọn. Kí máàpù ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan lè bágbà mu, ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu gbogbo ẹ̀ṣọ́ yòókù. Fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá mọ̀, ó ní láti ya ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní thread sọ́tọ̀; ẹ jẹ́ ká pè é ní fọ́nrán, nítorí fọ́nrán òwú náà ni wọ́n mú orúkọ rẹ̀ wá. Ẹ̀ṣọ́ 10 bá wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan di fọ́nrán 9 mú, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Wọ́n di 1,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan di 999 mú, àpapọ̀ rẹ̀ sì ti lé ní ọ̀kẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Amazon kò sọ iye ẹ̀ṣọ́ wọn, wọ́n kàn ní ó jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀. Ẹni tuntun kan ṣoṣo bá wọlé, kì í ṣe òun nìkan ni ẹrù ń bá: gbogbo àwọn tó ti wà nílẹ̀ ni fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kún lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wo bí àjọ ṣe rí. Àjọ ènìyàn mẹ́wàá, gbogbo wọn mọ ilé ara wọn. Bó bá di igba ènìyàn, tí òfin àjọ sì ní kí oníkálukú máa kí oníkálukú láràárọ̀, kò sí ẹni tó máa ráyè lọ sóko mọ́.

Ìmọ̀ra náà kì í sì í ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Amazon ní ó lè gbà tó wákàtí kan kí ẹ̀ṣọ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ tó gbọ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti 12:47 yìí lọ, fọ́nrán ń kún, ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́yìn èkejì, kò sì sí ẹni tó ń kà á. Wọ́n ní aago ìdágìrì fún nǹkan púpọ̀. Kò sí èyí tó dún fún iye fọ́nrán.

2:15 ọ̀sán

Aago ìdágìrì dún. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sínú Kinesis kò rí i fi sí. Ẹni tó fẹ́ gbà á kò rí i gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní òté tí wọ́n ti fi lé iye fọ́nrán tí ó lè dì mú. Òté kékeré kan báyìí ni, nọ́ńbà kan nínú ìwé ìṣètò. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, irú òté bẹ́ẹ̀ kan wà lórí iye fáìlì tí ètò kan lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, 1,024, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to RabbitMQ fúngbà àkọ́kọ́ ló sì máa ń forí sọ ọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Kinesis kọjá òté tiwọn. Ẹ̀ṣọ́ tó bá ti kọjá òté kò lè ya máàpù rẹ̀ parí. Máàpù aláìparí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Kò kàn mọ yàrá tó yẹ kó darí ẹnikẹ́ni sí ni.

Gbogbo wọn ló sì bá. Èyí gan-an ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Ẹni tó ra sáfà mẹ́ta, ohun tó ń rà ni pé ikú kì í sábà wọ ilé mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ díìsì tó bàjẹ́ tàbí wáyà tó já. Àmọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní nǹkan kan tí wọ́n jọ ń lò, ìdè tó so wọ́n pọ̀, àìsàn tó bá sì gba ojú ìdè wọlé kì í mú ẹyọ kan. RabbitMQ náà ní tirẹ̀: bí díìsì sáfà kan nínú agbo bá kún dé òté, kì í ṣe sáfà yẹn nìkan ni kò ní gba ọ̀rọ̀ tuntun mọ́. Gbogbo agbo ló máa panu dé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ní ìdí tó dáa, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àgbẹ̀ tó ń dúró de ìwé ìwọ̀n kókó rẹ̀ pé sáfà méjì ṣì ṣófo.

Láàárín wákàtí yẹn, ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú Kinesis. CloudWatch, ojú tí Amazon fi ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ yòókù, inú Kinesis ló ń gba ohun tó ń rí kọjá, nítorí náà ojú náà fọ́. Ní 3:15, Lambda, tó ń ṣiṣẹ́ kéékèèké fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀: ó ń kó ìròyìn tí CloudWatch kò gbà mọ́ pamọ́ sínú, títí inú fi kún. Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ti mọ́. Roku kò ṣiṣẹ́ dáadáa, Flickr pẹ̀lú, Adobe Spark pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ iRobot, tó ń ṣe ẹ̀rọ agbálẹ̀ Roomba, ní láti kéde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ètò orí fóònù tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un ti ní ìdíwọ́. Ó di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu wọn pé àwọn kò lè gbálẹ̀ nítorí Virginia dákẹ́. Ọ̀la sì ni àjọ̀dún Ìdúpẹ́ wọn, àlejò ń bọ̀. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ kò ní ìṣòro yìí, ẹ dákun.

4:01 ìrọ̀lẹ́

Cognito ni orúkọ ẹ̀rọ tí Amazon fi ń mọ ẹni tó fẹ́ wọlé: orúkọ rẹ, ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ, ó dáa, kọjá. Láti 2:15 ló ti ń kọsẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ fi sáfà kún un, ó sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ní 4:01 ó tún burú sí i.

Ohun tó dùn mí nínú èyí ni pé Cognito kò nílò Kinesis láti mọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fi ìròyìn bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọlé ránṣẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìnwá ọ̀la. Bí ìròyìn náà bá sọnù, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àmọ́ àṣìṣe kan ti lúgọ sínú ètò náà, tí kò tíì fojú hàn rí: bí Kinesis bá kọ̀ tí kò gba ìròyìn fún ìgbà pípẹ́, Cognito á dúró dè é. Bí ọlọ́dẹ tó kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún onílé nítorí kò tíì rí bíírò fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò.

Ojú ìwé kan wà tí Amazon fi ń sọ fún gbogbo ayé bí ara ẹ̀rọ wọn ṣe rí. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara kò yá. Ètò tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sójú ìwé náà ní láti mọ̀ wọ́n kó tó gbà wọ́n láyè, Cognito ló sì ń bá a mọ èèyàn. Wọ́n ti tì í, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí. Ọ̀nà àfọwọ́ṣe kan wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò mọwọ́ rẹ̀ tó, nítorí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Àlàyé fún oníbàárà fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Mo fẹ́ràn Amazon fún bí wọ́n ṣe kọ apá yìí láìtijú.

4:51 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti mú ohun tí wọ́n ń fura sí dín kù sí méjì-mẹ́ta. Sáfà tuntun wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ń yọ wọ́n kúrò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi àṣìṣe ló ń yọjú lójú ẹ̀rọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì jọ ohun tí sáfà tuntun lè fà. Ẹni tí ibà, èébì àti ojú pípọ́n bá dé bá lẹ́ẹ̀kan, oníṣègùn rẹ̀ á pẹ́ kó tó mọ èyí tó bí èkejì. Ohun kan ló ti wá dájú báyìí: èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, gbogbo agbo ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n máa pa, kí wọ́n tún un tàn.

Ní àṣálẹ́ yẹn kan náà ni ìròyìn jáde láti Argentina pé agbábọ́ọ̀lù Diego Maradona ti kú, ọmọ ọgọ́ta ọdún. Rédíò gbé e, WhatsApp gbé e kiri Nàìjíríà, àwọn tó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 1986 ń sọ ọ́ fún àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò pàdé ìdíwọ́ kankan lójú ọ̀nà, nítorí inú ilé Facebook ni WhatsApp ń gbé, kì í ṣe ti Amazon. Ọjọ́ tiwọn náà ń bọ̀. Ẹni tó bá rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, tí WhatsApp, Facebook àti Instagram jọ dákẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà, tí a ń tan fóònù pa, tí a ń tún un tàn, tí a ń bínú sí onílé-iṣẹ́ dátà wa láìṣẹ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ.

6:39 àṣálẹ́

Ó fojú hàn. Fọ́nrán ni.

Ìpinnu tí wọ́n ṣe lẹ́yìn èyí ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni ni pé kí wọ́n gbé òté náà sókè: nọ́ńbà kan ni, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ èyí tó tóbi jù ú lọ. Wọn kò ṣe é. Wọn kò tíì dán an wò kí wọ́n mọ ohun tí òté tó ga á ṣe fún kọ̀ǹpútà yòókù nínú, ọjọ́ tí ilé ń jó sì kọ́ ni à ń dán òògùn tuntun wò. Wọ́n ti yọ àwọn sáfà tuntun kúrò, fọ́nrán kò ní kọjá òté mọ́ bí wọ́n bá tún gbogbo rẹ̀ tàn. Wọ́n padà sí iye tí wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ lánàá. Irú sùúrù yẹn ṣọ̀wọ́n láàárín àwa tí a máa ń sáré tẹ bọ́tìnnì.

7:07 alẹ́

Àwọn ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tún tàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ẹ̀ṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí gbọ́dọ̀ ya máàpù tuntun, agbára tó fi ń ya máàpù náà ló sì fi ń dá àlejò lóhùn. Bí wọ́n bá jí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ méjèèjì á máa jà fún agbára kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ìlera wọn wò á rí i pé wọ́n ń lọ́ra, á pè wọ́n ní aláìsàn, á lé wọn jáde, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pẹpẹ. Nítorí náà ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni wọ́n lè jí ní wákàtí kan, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ní 7:15 wọ́n fi àtúnṣe sínú Cognito kó lè yé dúró de Kinesis. Ní 7:36 Lambda ti mí. Cognito fúnra rẹ̀ padà sí bó ṣe wà ní 11:18.

Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ

Àṣìṣe ń dín kù, kò yára, kò sì dúró. Ìfọ́n ń lọ sùn. Kò sí ohun púpọ̀ láti ròyìn fún wákàtí mẹ́wàá báyìí ju pé wọ́n ń jí ẹ̀ṣọ́ lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe.

Wọ́n ní àwọn máa kó lọ sórí sáfà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iye rẹ̀ lè dín kù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tí ohun tó ń tà jẹ́ sáfà, tí alárenà rẹ̀ sì yadi, ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé òun máa lo sáfà díẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa fi aago ìdágìrì sórí iye fọ́nrán. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ńlá bíi CloudWatch máa ní ẹ̀ṣọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Wọ́n sì ní àwọn máa yára pín agbo ẹ̀ṣọ́ sí wẹ́wẹ́, kí ti ọ̀kan má lè dé ọ̀dọ̀ èkejì, bí ìlú ṣe pín sí àdúgbò àti agbolé, tí olórí agbolé kan kò fi ní láti mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà nílùú kó tó lè júwe ilé fún àlejò.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́nà mìíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, íntánẹ́ẹ̀tì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọ́ yángá. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin ló já: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. MainOne yìí, ọmọ ìpínlẹ̀ wa ló dá a sílẹ̀, Fúnkẹ́ Òpékè, ọmọ Ilé-Olújìí. Okùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àmọ́ gbogbo wọn gba abẹ́ òkun níwájú Abidjan kọjá. MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì, nítorí ibi tí okùn àwọn ti já jìn tó bíi kìlómítà mẹ́ta sínú omi, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kankan kò sì dé ibẹ̀. Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, àti Glo-1 kò já, orí wọn ni púpọ̀ nínú ẹrù náà wá sí. Ẹni tó ní okùn mẹ́rin tó jọ gba ilẹ̀ kan kọjá, mélòó ló ní?

Bí wọ́n bá ní kí n wá yẹ alárenà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa wò ní Ìfọ́n, n kò ní bèèrè iye sáfà. Mo máa bèèrè jẹnẹrétọ̀: ṣé ọ̀kan ló ń fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níná? Síìmù inú móòdẹ̀mù wọn, ṣé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni gbogbo rẹ̀? Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé, ṣé òun nìkan ni, ṣé ó sì ti rìnrìn àjò? Fóònù tí wọ́n máa fi pè é, ṣé orí alárenà yìí náà kọ́ ni ìpè ọ̀hún máa gbà kọjá?

2:47 òru

CloudWatch bẹ̀rẹ̀ sí í ríran bàìbàì.

7:23 òwúrọ̀, Ọjọ́bọ̀

Kinesis sọ̀rọ̀ geere. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ojú CloudWatch là tán. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ Ọjọ́rú ni ní Seattle. Ní Virginia, àjọ̀dún Ìdúpẹ́ ti wọlé láti wákàtí kan àti ààbọ̀, àwọn onílé sì ti sùn. Láti ìgbà tí aago ìdágìrì ti dún, ó ti pé wákàtí mẹ́tàdínlógún àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Ní Ìfọ́n, oòrùn ti yọ. Ọ̀nà Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ ọ̀nà kan náà tó gba Ẹlẹ́gbẹ́ka lọ sí Ọ̀wọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ tètè débẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ti ń múra.